SSD àbí RAM, OneNote àbí Xournal++: ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ náwó sí lára táblẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀

Ọmọkùnrin kan gbé ThinkPad X230 Tablet, láptọ̀ọ̀pù tó ń di táblẹ́ẹ̀tì, wá bá mi ní Àgbowó. Ó ti ra RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) méjì, 8GB ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ti fi wọ́n sí i, 16GB lápapọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan o." A tẹ bọ́tìnnì, a jókòó tì í. Kí Windows tó jí tán, mo ti jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà ọwọ́ mi tán, mo ti ju ọ̀rá rẹ̀ nù. Nígbà tí mo wo inú rẹ̀, Windows 32-bit ni wọ́n kó sórí rẹ̀, èyí tí kì í lè lo ju 4GB lọ, ì báà jẹ́ 16GB lẹ kó fún un. Disk tó wà níbẹ̀ sì ni hard disk àtijọ́, èyí tó ń yí bíríbírí nínú. Owó ọmọ ọlọ́mọ ti lọ síbi tí ìṣòro kò sí.

Irú rẹ̀ ni mo ń rí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́ pé RAM ló ń mú kọ̀ǹpútà yára, á sáré lọ ra RAM. Òmíràn á gbọ́ pé áàpù kan wà tí gbogbo èèyàn ń lò lórí YouTube, á san owó oṣù mẹ́ta, dátà á tán lọ́jọ́ kẹrin, áàpù náà á wá máa bi í pé ta ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọn: nígbà tí lẹ́kíṣọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí ló ń dá ọ dúró? Ṣé kọ̀ǹpútà kò tíì jí ni? Ṣé bátìrì ti kú ni? Àbí o ò rí nóòtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá mọ́? Ibi tí ìdáhùn bá wà ni owó ń lọ.

Èyí tó ṣeé tú, èyí tí kò ṣeé tú

X230 Tablet, tí Lenovo gbé jáde ní 2012, jẹ́ láptọ̀ọ̀pù tí ojú rẹ̀ ń yí lórí ọrùn kan ṣoṣo láàárín. Ẹ ó yí i, ẹ ó dà á dé orí keyboard, á di síléètì bíi ti àwọn bàbá wa. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12.5. Bírò rẹ̀ ń gbé inú ihò kan lára rẹ̀, kò sì ní bátìrì rárá, iṣẹ́ Wacom ni, abẹ́ gíláàsì ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Àyè RAM méjì ló ní, DDR3 ni wọ́n, ó sì ń gba 16GB. Àyè disk ínǹṣì 2.5 kan wà, àyè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mSATA, fún disk kékeré, tún wà lábẹ́ keyboard. Skúrúdíráfà kan péré lẹ nílò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ ti dàgbà tó yìí.

Surface Pro ti Microsoft fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì dùn ún wò. Àmọ́ òjé ni wọ́n fi lẹ RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Iye tí ẹ bá nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á ni yóò ní títí ayé. Ní ti SSD, ìyẹn disk ayé òde òní tí kò ní ohun tó ń yí nínú, nínú àwọn tó ń lo Intel, orí Pro 7+ tó jáde ní 2021 ni wọ́n ti ṣe ìdérí kékeré sí i lẹ́yìn kí èèyàn lè yọ ọ́. Àwọn tó ṣáájú ìyẹn, ẹ ní láti fi ooru yọ gíláàsì tí wọ́n fi àtè lẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, gíláàsì yẹn kò sì ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bó bá jẹ́ Surface lẹ fẹ́ rà, ẹ má ra 4GB pẹ̀lú èrò pé ẹ máa fi kún un tó bá yá. "Tó bá yá" kò sí níbẹ̀.

iPad ńkọ́? Bí ẹ ṣe rà á lẹ ṣe máa lò ó, kò sí ihò káàdì kankan. Samsung Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 gba káàdì microSD, ìyẹn nìkan náà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: S Pen, ìyẹn bírò rẹ̀, wà nínú páálí, kò béèrè ṣájì, ṣùgbọ́n Apple Pencil ti iPad, ọ̀tọ̀ lẹ máa rà á, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa ṣájì rẹ̀. Galaxy yẹn wúwo ní gíráàmù 465. X230 Tablet ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Ẹ gbé e sórí apá kan fún wákàtí kan nínú kíláàsì tí kò ní tábìlì, ká jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Bó bá jẹ́ iPad tàbí Galaxy ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè fo apá tó kàn, kí ẹ lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ áàpù. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ́ ra microSD: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára káàdì. Ayédèrú káàdì máa ń pe ara rẹ̀ ní 512GB nígbà tí kò tó 32GB, á gba fáìlì yín, á sì fi ìdajì ṣòfò láìsọ fún yín. H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Linux máa ń kọ nǹkan kún káàdì tán, á tún kà á padà, á wá sọ iye tó jẹ́ lóòótọ́. Ẹ ṣe é kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, bó bá gbà fún yín. Bí kò bá gbà, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn.

Disk, RAM, bátìrì

Disk ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Hard disk tó ń yí lè kà tó 100MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD tó ń gba ojú SATA (ẹnu tí disk fi ń wọ kọ̀ǹpútà) kan náà lè ka nǹkan bíi 500MB. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an ni ẹ máa rí lára. Nígbà tí Windows bá ń jí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń kó jọ láti ibi tó jìnnà síra. Hard disk dà bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sí ọjà Bódìjà: á ra ata níhìn-ín, á rìn dé òdìkejì kó tó ra àlùbọ́sà, á tún padà wá ra iyọ̀. Ní ti SSD, orí tábìlì kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà tó ń pa gúgúrú àti ẹ̀pà run fi ń jí kí èèyàn tó yọ bírò rẹ̀ tán.

Nǹkan kejì ni pé àwo irin ló ń yí nínú hard disk, orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo tí ojú kò lè rí. Láptọ̀ọ̀pù tó dúró lórí tábìlì lè fara da ìyẹn. Èyí tí ẹ ń yí, tí ẹ ń dà dé, tí ẹ ń gbé lọ láti kíláàsì kan sí ìkejì láìpa á, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kò sí ohun tó ń yí nínú SSD.

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, ẹ mú rúlà dání. Àyè inú X230 Tablet kò gba disk tó nípọn ju mìlímítà 7 lọ, 9.5 kò ní wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù ràn yín lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ àyè mSATA lẹ fẹ́ lò, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe M.2, irú SSD kékeré mìíràn, ní mSATA. Àwọn méjèèjì jẹ́ pátákó kékeré aláwọ̀ ewé tàbí dúdú. mSATA fẹ̀ ní mìlímítà 30, ó gùn ní bíi 51, ó rí pẹlẹbẹ bíi páálí ìṣáná. M.2 tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní 22 péré, ó gùn ní 80, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ọ̀pá gọ́ọ̀mù tí à ń jẹ. Kò sí bí M.2 ṣe lè wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó yára jù láyé. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé ojú mSATA yẹn, SATA ìran kejì ni, kò lè kọjá bíi ìdajì ìyára àyè disk ńlá. Fún ìdí èyí, ìmọ̀ràn tèmi ni SSD ínǹṣì 2.5 kan, 240GB tàbí 256GB, nínú àyè ńlá, kí ẹ fi mSATA sílẹ̀. Ẹni tó bá ní fíìmù tí kò lè pa rẹ́ ni kó fi mSATA gbé Windows, kó wá jẹ́ kí hard disk máa tọ́jú fíìmù.

RAM ló kàn. Láti 4GB sí 8GB, ẹ máa rí ìyàtọ̀, pàápàá bí ẹ bá ń ṣí PDF, áàpù nóòtì àti Chrome pa pọ̀. Láti 8GB sí 16GB, ẹni tó ń lo AutoCAD tàbí MATLAB á rí i, ẹni tó ń kọ nóòtì kò ní rí nǹkan kan. Ẹ ra ẹyọ 8GB kan, kí ẹ fi àyè kejì sílẹ̀. DDR3 àti DDR3L ló ń wọ̀ ọ́. DDR4 kò lè wọlé, nítorí pé ihò kékeré tó wà láàárín eyín rẹ̀ kò sí lójú kan náà. Bó bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má tì í. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí RAM ṣá, ẹ lọ sí Settings, System, About, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "System type" sí. Bó bá jẹ́ 32-bit, Windows ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, ìyẹn ò sì ní ná yín lówó.

Bátìrì ni mo fi sí ipò kejì lọ́kàn mi, kódà ṣáájú RAM, fún ẹni tó ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ tí ihò iná kì í tó akẹ́kọ̀ọ́. X230 Tablet ń mu iná 20V láti ẹnu ṣájà róbótó. Powerbank tí ẹ fi ń ṣájì fóònù kò lè ràn án lọ́wọ́. Galaxy tàbí iPad, powerbank kan náà á gbé e dìde. Bí NEPA bá gbé iná lọ láti àná, ẹni tó ní táblẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà gbọ́ pé "bátìrì ẹ̀ ń gbé wákàtí mẹ́rin." Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ `powercfg /batteryreport`. Yóò ṣe fáìlì kan fún yín. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí DESIGN CAPACITY, ìyẹn iye tó jẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, àti FULL CHARGE CAPACITY, iye tó lè gbé lónìí. Bí èkíní bá jẹ́ 60,000 mWh tí ìkejì sì jẹ́ 24,000, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ fi dúnàádúrà.

Àti pé, X230 máa ń yẹ bátìrì wò. Ayédèrú tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè rẹ̀, kò ní ṣájì rẹ̀, á kàn kọ ọ́ sójú pé òun kò mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi bátìrì náà sí i, kí ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ rí i pé iye ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń gòkè. Ó ń gòkè ni mo wí o. Kí iná tàn nìkan kò tó.

Wi-Fi: ẹ má pààrọ̀ káàdì inú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ẹ bá lọ́jà. BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà, ní orúkọ àwọn káàdì tó gbà, bí ẹ bá fi àlejò síbẹ̀, 1802 ló máa kọ sójú yín, kò sì ní jí. Wi-Fi kékeré tó ń wọ USB rọrùn jù.

Windows 10 ti lọ, kí ló kù?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti hard disk, kì í sì í ṣe ti áàpù, àmọ́ òun ló so méjèèjì pọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Ètò kan wà tó fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún kan sí i, títí di oṣù kẹwàá 2026. Windows 11 kò gba X230, nítorí pé TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò kan, ló ń béèrè, àti Intel ìran kẹjọ sókè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ìran kẹta ni Intel inú X230.

Àwọn ẹnjiníà kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kó Windows 11 sórí rẹ̀ tipátipá. Mo ti ṣe é rí, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kì í ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, nítorí pé Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe kankan fún irú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ìdánwò sì ni kọ̀ǹpútà máa ń yàn láti dà rú. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, ni mo ń fi sí i. Bírò Wacom inú X230 ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láìsí pé ẹ lọ wá nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan áàpù rẹ̀ náà, torí OneNote, áàpù nóòtì ti Microsoft, kò sí lórí Linux àyàfi nínú browser, inú browser sì ń fẹ́ dátà. Xournal++, áàpù nóòtì ọ̀fẹ́, wà níbẹ̀.

OneNote àti Xournal++ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | OneNote | Xournal++ |
|---|---|---|
| Owó | ọ̀fẹ́ láti 2014, ó ń béèrè àkáǹtì Microsoft | ọ̀fẹ́, kò béèrè àkáǹtì |
| Ojú ewé | kò lópin, ẹ kàn ń fà á lọ | ojú ewé gidi, A4 tàbí èyí tó bá wù yín |
| Sláìdì PDF | ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé bí àwòrán | ó ń kọ sórí PDF náà gan-an, ó sì ń dá PDF padà |
| Wíwá ọ̀rọ̀ nínú ohun tí ẹ fọwọ́ kọ | ó lè ṣe é | kò lè ṣe é |
| Gbígba ohùn sílẹ̀ | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni |
| Ibi tí nóòtì ń gbé | OneDrive, 5GB lọ́fẹ̀ẹ́ | fódà tí ẹ fi sí |
| Lórí fóònù | áàpù rẹ̀ wà | ẹ fi PDF ránṣẹ́ síbẹ̀ |

Tábìlì kì í sọ bí nǹkan ṣe ń rí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ohun tó dára jù lára OneNote ni gbígba ohùn. Ẹ ó tẹ Record, ẹ ó máa kọ nóòtì bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, tí ẹ rí ìlà kan tí kò yé yín, ẹ ó tẹ ibẹ̀, á sì gbé ohùn olùkọ́ jáde láti ìṣẹ́jú tí ẹ kọ ìlà náà gan-an. (Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ o. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ, ẹ̀tọ́ wọn ni.) Xournal++ náà ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì ń so ó mọ́ ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kó tó mọ́ yín lára.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lára OneNote ni ìwé títẹ̀. Ojú ewé tí kò lópin dùn nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, àfi ìgbà tí olùkọ́ bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ fi sílẹ̀. Mo rí ọmọ ẹnjiníárìn kan tó ya àyíká iná mànàmáná tó lẹ́wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá gé e sí méjì: ìdajì rẹ̀ wà lójú ewé kejì, ìdajì lójú ewé kẹta. Ní Xournal++, ibi tí A4 parí sí wà níwájú yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sláìdì ni Xournal++ ti fakọ yọ. Olùkọ́ á fi PDF ránṣẹ́ sínú WhatsApp kíláàsì, ẹ ó ṣí i, ẹ ó máa fi bírò kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó yí ohun pàtàkì po, ẹ ó wá tẹ Export as PDF. Ohun tó jáde, gbogbo fóònù ló lè kà á. Ìkìlọ̀ kan wà: fáìlì .xopp tó ń tọ́jú kò gbé PDF náà sínú ara rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń rántí. Bí ẹ bá gbé PDF kúrò níbi tó wà, tàbí tí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, Xournal++ á ṣí, á ní òun kò rí PDF, ohun tí ẹ kọ nìkan ló máa léfòó lórí ojú ewé funfun bí ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Kò sọ nù. Ẹ fi ibi tí PDF wà hàn án, á padà sípò. Ṣùgbọ́n ó máa ń ki ẹni tí kò mọ̀ láyà. Fódà kan fún kọ́ọ̀sì kan, PDF àti .xopp nínú ilé kan náà, ìyẹn ló ń yanjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwá ńkọ́? OneNote lè wá ọ̀rọ̀ nínú ohun tí ẹ fọwọ́ kọ, ó tún lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ títẹ̀. Fún ẹni tó ń ka Òfin, tó ń kọ ojú ewé ogún lọ́sẹ̀, àǹfààní ńlá nìyí. Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Bí OneNote bá ń ka ìwé yín bí Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, "oko" kan náà ni gbogbo wọn máa jẹ́ lójú rẹ̀. Ìdí kan gan-an nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ Lìǹgúísíìkì pé kí wọ́n fi bírò kọ nóòtì wọn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bírò kì í bèèrè ibi tí àmì ìsàlẹ̀ wà lórí keyboard. Ẹ kọ ọ̀, ẹ fi àmì sí i, ó tán. Bó bá di dandan kí ẹ tẹ̀ ẹ́, keyboard Yorùbá wà nínú Windows, ẹ fi kún un láti ibi èdè.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Samsung Notes dára púpọ̀ fún ẹni tó ní Galaxy. Ó ń kọ sórí PDF, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń dá PDF padà, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má wá nǹkan míì bí ó bá jẹ́ Galaxy lẹ ní, àyàfi tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa kúrò lọ́dọ̀ Samsung láìpẹ́.

Lórí iPad, Goodnotes gba ìwé mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó sanwó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mẹ́ta, mo rí ẹni tó ṣe é, àmọ́ ó rí bí yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń gbé. Notability yí padà sí owó ọdọọdún ní oṣù kọkànlá 2021, ariwo sì sọ, títí tí wọ́n fi gbà pé àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀ kò ní pàdánù ohun tí wọ́n rà. Evernote dín ti ọ̀fẹ́ kù sí nóòtì 50 nínú ìwé kan ní ìparí 2023. Ẹ lè rí i pé "ọ̀fẹ́" ọdún yìí lè máà jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí ẹ bá wà ní ọdún kẹta. Obsidian wà fún ẹni tó ń tẹ̀ ju ẹni tó ń fi bírò kọ lọ. Fáìlì lásán ló ń tọ́jú, ìyẹn ni mo fi gbà á.

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n nìyí. Windows Journal wá pẹ̀lú Windows XP Tablet PC Edition ní 2002, àwọn tó ń lo táblẹ́ẹ̀tì láyé ìgbà yẹn kó gbogbo nóòtì wọn sínú rẹ̀. Ní 2016, Microsoft yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10, nítorí àléébù ààbò tó wà nínú irú fáìlì rẹ̀, .jnt. Ẹni tí kò tíì sọ tirẹ̀ di PDF wá ń wá irinṣẹ́ kiri láti fi ṣí ìwé tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Èmi náà ní tèmi: áàpù kan tí n kò ní dárúkọ sọ pé kí n wọlé lákọ̀tun ní wákàtí kan ṣáájú ìdánwò, dátà kò sì sí. Gbogbo nóòtì mi wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹsẹ̀ mi, n kò sì lè ka ìlà kan. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ nóòtì ọ̀sẹ̀ di PDF, tí mo ń fi ẹ̀dà kan sínú Google Drive, tó ń fún èèyàn ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo sì ń fi ìkejì sínú flash. Ẹ dán áàpù tí ẹ fẹ́ yàn wò báyìí: ẹ pa Wi-Fi, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án padà, kí ẹ gbìyànjú láti ṣí nóòtì àná kí ẹ sì sọ ọ́ di PDF. Èyí tó bá ṣe é láìráhùn, ẹ lè bá a lọ.

Bí mo bá ní láti yàn fún yín

Ẹ ní X230 Tablet tàbí irú rẹ̀, ẹ sì ń ka ohun tó ní sláìdì, ìṣirò tàbí àwòrán: SSD, lẹ́yìn náà bátìrì, Linux Mint, Xournal++. Ẹ máa rí i pé mi ò dárúkọ RAM bí 4GB bá ti wà níbẹ̀, torí Linux Mint àti Xournal++ kì í jẹun púpọ̀. Ẹ ń ka Òfin tàbí Ìtàn, ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ sì ní dátà déédéé: kọ̀ǹpútà tó lè gba Windows 11 ni kí ẹ wá, 8GB kó má dín, kí ẹ lo OneNote, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé PDF ọjọ́ Ẹtì. Iná ni ìṣòro yín jù, ẹ ò sì nílò AutoCAD: ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ títú kọ̀ǹpútà, Galaxy Tab pẹ̀lú S Pen àti powerbank dára jù fún yín. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn skúrúdíráfà mi.

Ọmọkùnrin tó gbé X230 wá, a yọ RAM kan. Ẹni tó tà á fún un kò dá owó padà, ṣùgbọ́n ó gbà kí ó fi RAM náà pààrọ̀ SSD 240GB, kí ó fi owó díẹ̀ lé e. A kó Linux Mint sí i lọ́jọ́ náà. Lìǹgúísíìkì ló ń kà, ìwé rẹ̀ kún fún ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, ó ń fi àwọ̀ pupa àti búlúù yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó tún padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bírò rẹ̀ ń ha gíláàsì, ó rò pé ó ti bàjẹ́. Orí rẹ̀ ló ti jẹ, ó ti di ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ nítorí rọ́bà tó le tó lẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Mo fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń tu irun ojú fa èyí tó jẹ náà yọ, mo ki tuntun bọ̀ ọ́ títí ó fi dúró. Bí ẹ bá ń wá bírò tuntun fún X230, bírò Wacom ti táblẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ bèèrè. S Pen ti Galaxy Note àtijọ́ náà ń kọ lórí rẹ̀. Ti Wacom Intuos, ìyẹn pátákó tí àwọn ayàwòrán ń lò, kò ní kọ, ti iPad náà kò ní kọ. Ẹ mú kọ̀ǹpútà yín dání, kí ẹ fi bírò náà kọ orúkọ yín sójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.